Àǹtí Mi Tí Amẹ́ríkà Lé Jáde Nítorí Ìkíni

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, n ò sì ní bínú sí yín. Èmi gan-an, bí ẹlòmíì bá sọ ọ́ fún mi, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú ná kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àmọ́ bó ṣe rí nìyí: Amẹ́ríkà lé àǹtí mi jáde torí pé wọ́n kí èèyàn. Àǹtí mi yìí ò sì gba físà rí. Wọn ò wọ bàálù rí. Ibi tó jìnnà jù tí wọ́n dé láyé ni Ìlọrin, Jíbówú ni wọ́n sì ti wọkọ̀ lọ, tí wọ́n ń ṣàròyé oòrùn títí wọ́n fi padà dé. Inú pálọ̀ wọn ní Yaba ni wọ́n jókòó sí jẹ́ẹ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, nígbà tí Amẹ́ríkà lé wọn.

Ìkànnì fídíò Amẹ́ríkà ni mò ń sọ, ọ̀kan ńlá yẹn tí gbogbo yín ń wò níbi iṣẹ́ bí ọ̀gá bá ti yíjú. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó lówó jù mí lọ, ó sì ní lọ́yà.

Kí n kọ́kọ́ fi àǹtí mi hàn yín. Àwọn ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín wa, ìyẹn ni pé wọ́n ṣì láṣẹ láti fà mí létí títí di òní, mo sì ti lé ní àádọ́ta. Tíṣà ni wọ́n. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí a ṣe ń ránṣọ, bí a ṣe ń lẹ aṣọ tó ya, bí a ṣe ń lọ kọ́là tí kò fi ní dà bí etí ewúrẹ́. Ìdajì àwọn obìnrin Mainland tó mọ abẹ́rẹ́ í dì mú, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìdajì yòókù, àǹtí mi ní wọn ò fara balẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ọwọ́ wọn kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Ọkọ wọn, tí èmi ń pè ní Bùrọ̀dá, ló ní kí wọ́n máa fi fóònù ya fídíò ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ rélùwéè ni Bùrọ̀dá ṣe jẹun, ní Ìdó, níbi tí wọ́n ti ń kéde ọkọ̀ ojú irin fún èrò láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan. Ohùn ni mò ń sọ fún yín. Bí Bùrọ̀dá bá ní kí ẹ bá àwọn na ọwọ́ mú iyọ̀ ní Yaba, ẹni tó wà ní Ìdó á ti máa wá iyọ̀. Àwọn ló ń di fóònù mú, àǹtí mi á máa kọ́ni. Nínú fídíò mẹ́sàn-án tí wọ́n ṣe, ẹ ò ní rí ojú Bùrọ̀dá níbì kankan, àmọ́ ẹ ó máa gbọ́ wọn. Wọ́n á máa fi “ẹ” bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ kíláàsì: “Tíṣà, ẹ gbé e sókè díẹ̀, a ò rí i.” “Tíṣà, ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ò ní gún yín báyìí?” Àǹtí mi á dáhùn láìgbójú sókè pé, “Ẹ jẹ́ n ráyè.”

Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí Bùrọ̀dá ti kú, nínú oṣù òjò. Fóònù tí wọ́n fi ya fídíò náà tẹ̀ lé wọn láìpẹ́. Inú báàkẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ ló kú sí. Fọ́tò Bùrọ̀dá kún ara ògiri: Bùrọ̀dá nínú yunifọ́ọ̀mù, Bùrọ̀dá pẹ̀lú fìlà, Bùrọ̀dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ńjìnnì rélùwéè tó ti dẹnu kọlẹ̀. Àmọ́ fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó kù nínú ohùn yẹn láyé, inú fídíò mẹ́sàn-án yẹn ló wà, fídíò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì wà ní Amẹ́ríkà, nínú àkáǹtì àǹtí mi. Láràárọ̀, kí wọ́n tó mu tíì, wọ́n á ṣí ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn kọ́ni dáadáa ni. A ò bá wọn jiyàn.

Ẹ wá wo bí oríire ṣe ń bí wàhálà. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí a ò mọ̀, níbì kan tí a ò mọ̀, pín fídíò tí wọ́n ti ń lẹ orúnkún ṣòkòtò ilé ìwé. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, èrò ti ya débẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ní ìjọba ń pín ìrẹsì. Wọ́n sì ń kí wọn. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ kú làálàá. Ọwọ́ yín ò ní gbẹ. Nǹkan bí irinwó ìkíni, ó tò lọ bẹẹrẹ nísàlẹ̀ fídíò.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé rere ti mọ ohun tó kàn. A kì í kí àgbà kí àgbà má dáhùn; a ó ní inú ń bí i, tàbí pé ara rẹ̀ ò yá. Àǹtí mi wọ awò ojú wọn, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Ilé ńkọ́? Ọlọ́run á bù kún yín.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún gbogbo wọn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí èèyàn bá jẹ́ kí ìkíni ẹnì kan gùn ju ti ẹnì kejì lọ, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, ó ku bí ogún èèyàn kí wọ́n parí, ni Amẹ́ríkà bá kọ̀wé sí wọn.

Ohun tó kọ ni pé òun ti ṣàkíyèsí ìwà tí kò bójú mu nínú àkáǹtì yìí, ó sì dá òun lójú pé ẹni tó ni ín kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ ni. Èèyàn gidi, lójú Amẹ́ríkà, kì í dá irinwó ẹni lóhùn. Ńṣe ni èèyàn gidi máa ń wò wọ́n, táá sì dákẹ́. Nítorí náà, òun ti ti àkáǹtì náà pa, àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àǹtí mi pè mí lórí fóònù.

“Àbúrò mi, wọ́n ní n kì í ṣe èèyàn.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi?”

“Amẹ́ríkà.”

“Kí lẹ ṣe fún un?”

“Mo kí i ni.”

Èmi ni wọ́n pè torí pé èmi ni ọ̀gá kọ̀ǹpútà nínú ẹbí wa. Oyè yẹn já lé mi lórí lọ́jọ́ tí mo pààrọ̀ íńkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní jọ́gíráfì ní Surulere, tí ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ kejì, àmọ́ ìyẹn ò dé etí ẹbí. Mo ti Àgùdà, níbi tí mò ń gbé, lọ sí Yaba, a jókòó, a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Amẹ́ríkà lédè òyìnbó tó gún régé. A ní opó ni ìyá yìí, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò ṣe ẹ̀rọ rí. Mo fi í ránṣẹ́. Mo ní kí n na ẹsẹ̀ mi díẹ̀, ìkan lára ẹsẹ̀ náà ò tíì nà tán tí èsì fi dé: òun ti fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ wa wò, ìdájọ́ òun kò yí padà. Mo mọ ọ̀gá ilé ìwé tó máa ń fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ wò. Tẹ́ẹ̀mù méjì ló máa ń gbà á.

“Ẹ̀kọ́ mi wá ńkọ́?” àǹtí mi bèèrè.

“Ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mà. Kò fún wa ni.”

Wọ́n yíjú sí ògiri níbi tí fọ́tò wà. “Lílẹ ṣòkòtò yẹn ṣe pàtàkì,” wọ́n ní. “Àwọn ọmọ ń ya ṣòkòtò.” Wọn ò dárúkọ ohùn ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ láràárọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tó ń bá wọn ṣe ìtọ́jú ilé sọ fún mi pé tíì wọn ń tutù sórí tábìlì ni.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ọmọ yín. Ará Mainland ni wá. Nígbà tí wọ́n yọ jígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi ní Mushin, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ fẹjọ́ sùn níbì kankan. Aládùúgbò mi kan, Alhaji, tó jẹ́ pé páńẹ́ẹ̀lì-bítà tó ń tún ara mọ́tò ṣe ni láti ìdí bàbá rẹ̀ ní Mushin, kàn bi mí léèrè pé aago mélòó ni wọ́n yọ ọ́. Ó ní kí n tètè jí, kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń ta jígí, tèmi á ti wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ibi tí ìyàwó mi fi géètì ha á lára gan-an ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti nù ún dáadáa, ó ń dán ju ìgbà tó wà lọ́dọ̀ mi lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ohun tí olè gbé kì í sọnù. Ohun tí ọ́fíìsì bá gbé ló máa ń sọnù.

Mo bá sọ fún àǹtí mi pé kí wọ́n gbàdúrà kó jẹ́ pé ẹnì kan ti jí fídíò wọn lọ sí ìkànnì orílẹ̀-èdè mìíì kí Amẹ́ríkà tó ti ilẹ̀kùn.

“Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí,” wọ́n ní. “N ò lè gbàdúrà pé kí olè ó ti jà mí.”

“Èmi á gbà á, mà. Ẹ kàn ṣe àmín.”

Wọ́n ṣe àmín, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é sókè.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò yíká ayé lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lórí láptọ́ọ̀pù mi, nínú pálọ̀ Yaba. Ogún ọdún ni mo ti ń fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí orílẹ̀-èdè lára máàpù fáwọn ọmọ. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ìwà wọn.

Ọ̀dọ̀ Ṣáínà la kọ́kọ́ yà sí. Ṣáínà kì í bi yín pé kí lẹ ń wá. Ó ti mọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ̀yin gan-an lẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. A ò tíì tẹ ohunkóhun tó ti ń fi obìnrin tó ń bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó hàn wá, lẹ́yìn náà ajá kan tó wọ ṣòkòtò, lẹ́yìn náà ajá yẹn kan náà tó bọ́ ṣòkòtò. Nígbà tí mo máa fi wo aago, wákàtí kan ti lọ, àǹtí mi sì ń nu omi ẹ̀rín lójú. Mo ní ká dán an wò bóyá wọ́n lè máa ti ibẹ̀ kọ́ni. Mo gbé fóònù sókè sí wọn. Fóònù fọ ojú wọn funfun, ó gba gbogbo ọjọ́ orí wọn, ó fi etí ológbò méjì dípò rẹ̀.

“Ta nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Irọ́ ni. Ọmọ yìí ò tíì ṣe ìdánwò Píráámárì Síìsì.”

Mo sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú kan ni Ṣáínà fẹ́ràn kí ẹ̀kọ́ gùn mọ. Wọ́n ní ìṣẹ́jú kan ni àwọn fi ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọjọ́ tí ojú àwọn bá dá ṣáká nìyẹn.

Ibẹ̀ náà la ti rí olè àkọ́kọ́. Ẹnì kan ti gbé fídíò ṣòkòtò náà wá. Ó gé e kù bí ìdajì ìṣẹ́jú, ó mú kí ọwọ́ àǹtí mi máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó wá fi orin kan bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tó ń lù gbì-gbì-gbì bí ẹ̀rọ ìlọta. Àǹtí mi wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n sún etí mọ́ ọn.

“Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò,” wọ́n ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Orin ni wọ́n fi rọ́pò.”

“Orin náà ò dára.”

A fi Ṣáínà sílẹ̀, a kọjá sí Faransé. Ẹ ò rí i pé ayé ní ètò. Faransé mọ́ tónítóní, ó dákẹ́ rọ́rọ́, àwọ̀ ara ògiri rẹ̀ bára mu. Kò kàn séèyàn níbẹ̀ ni. Fídíò kan tí a ṣí, ẹni mẹ́fà ló ti wò ó. Bí àǹtí mi ti wò ó tán, wọ́n di méje. Mo ní ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Àǹtí mi ní kí ló dé tí mo fi kan Mọ́ńdè mọ́ ọn, ṣé Sọ́ńdè wọn yàtọ̀ ni. Áńgílíkà ni èmi láti ìgbà tí mo ti fẹ́yàwó. Mo yára tẹ ìkànnì tó kàn.

Jàpáàn ló tẹ̀ lé e. Níbẹ̀, kọ́mẹ́ǹtì kì í jókòó sísàlẹ̀ bí ọmọlúàbí. Ńṣe ló ń sáré kọjá lójú ẹni tó wà nínú fídíò, láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, bí èrò tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ ní Jíbówú. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń hun agbọ̀n, ọ̀rọ̀ ń gba orí imú rẹ̀ kọjá.

“Gbogbo àwọn tó ń kọjá níwájú àgbà yìí,” àǹtí mi ní, “kò sí ọ̀kan tó kí i?”

“Ó lè jẹ́ pé ìkíni ni wọ́n ń kí i, mà. Èdè wọn ni wọ́n ń kọ.”

“Wọn ò dúró.” Wọ́n ní kí n pa á.

Kí ẹ má bàa ní a ò fẹ́ràn ilẹ̀ wa, a yà sọ́dọ̀ Nàìjíríà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, a ní tiwa. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé ẹ káàbọ̀, a máa ṣí láìpẹ́. Mo bèèrè lọ́wọ́ tíṣà kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gba ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ti máa ṣí láìpẹ́. Àǹtí mi ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní ó kéré tán, àwọn yìí kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà.

Mo fi Rọ́ṣíà ṣe ìkẹyìn torí pé mo mọ bó ṣe tóbi tó lára máàpù. Ìgbálẹ̀ mi kì í dé òdì kejì rẹ̀. Ohun tí mo rí nígbà tí a wọlé ni ibi tí wọ́n ti ń ta jígí ní Mushin gẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè ohunkóhun. Gbogbo nǹkan ayé ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tò sílẹ̀ lọ rẹrẹ: bọ́ọ̀lù àná, fíìmù ọ̀la, ìgbéyàwó àwọn tí ẹ ò mọ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà túmọ̀ “lílẹ ṣòkòtò” sí èdè wọn, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ojúlé ẹnì kan jáde, ẹni tó ń ṣa fídíò ìránṣọ jọ láti gbogbo ayé. Obìnrin ará Tọ́kì kan wà níbẹ̀, bàbá arúgbó ará Fíẹ́tínáàmù kan tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀ wọn ni mo ti rí orúnkún ṣòkòtò káákì kan, àti ọwọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa torí pé ó ti gbá mi létí rí.

Mo túmọ̀ àkọlé rẹ̀ fún wọn: ìyá àgbà kan ní Áfíríkà ń tún ṣòkòtò ṣe.

“Ta ni ìyá àgbà?”

“Ẹ ní ọmọ-ọmọ márùn-ún, mà.”

“Ṣé Rọ́ṣíà mọ̀ wọ́n ni?”

Mo tẹ fídíò náà.

“Tíṣà, ẹ gbé e sókè díẹ̀, a ò rí i.”

Pálọ̀ yẹn ò kéré, àmọ́ ohùn náà kún un dé àjà. Ṣíbí inú ife dún. Bí ẹ bá ń retí ẹkún, ẹ ò mọ àǹtí mi. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n kó ọwọ́ lé itan bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Fídíò ń lọ. Nígbà tó dé ibi tí Bùrọ̀dá ti bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ yẹn ò ní gún wọn, àǹtí mi tó wà ní Rọ́ṣíà àti àǹtí mi tó wà lórí àga jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ẹ jẹ́ n ráyè.”

Mo dìde lọ sójú fèrèsé láti wò ó bóyá òjò fẹ́ rọ̀. Oòrùn ń mú ganrín-ganrín. Mo padà wá jókòó.

Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà níbẹ̀, odindi, kò sí orin lára ọ̀kankan. Mo fa láptọ́ọ̀pù mọ́ra.

“Ẹ jẹ́ n tètè dà wọ́n kọ, mà, kí wọ́n tó tún ti ibí yìí náà pa.”

“Ṣé o ti kí onílé?”

“Onílé wo?”

“Ẹni tí a wọ ojúlé rẹ̀ yìí.”

“Àǹtí mi, olè ni.”

“Ẹrù mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò gé e, kò fi orin bò ó. Amẹ́ríkà tí kì í ṣe olè ńkọ́, kí ló fi tèmi ṣe?”

Bóyá ẹ̀yin lè dá wọn lóhùn.

“A kì í bá ẹrù wa nílé onílé ká kàn gbé e lérí ká máa lọ,” wọ́n ní. “Kí i ná. Tó bá dáhùn lọ́la, a ó sọ fún un pé a fẹ́ kó nǹkan wa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.”

“Ẹni tó ṣe wá lóore yìí gan-an ni ọlọ́ṣà, mà.”

“Kọ ọ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí wọ́n ń pè. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ kú òtútù, a gbọ́ pé ó ń mú lọ́hùn-ún. Ilé yín ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n wà dáadáa? A ti rí ohun tí ẹ ń bá wa tọ́jú. Èmi ni mo ni ọwọ́ inú fídíò yẹn, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ wà níbí. A ò ní gbàgbé yín. Ohun tí ẹ ṣe yìí, Ọlọ́run á san án fún yín. A ó tún padà wá kí yín láàárọ̀ ọ̀la.

Kúkúrú ni mo ṣe é fún yín. Ti àǹtí mi gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé wọ́n ṣàdúrà fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀, bó bá ní. Bí wọ́n ti ń kí i, mo ṣí ojú fèrèsé kejì lórí kọ̀ǹpútà, mo ń fi ìka kan kọ ìkíni, mo ń fi ìka kejì kẹ́rù. Nígbà tí wọ́n dé orí ìyàwó, ẹ̀kẹta ti wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yaba, tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, ẹ̀kẹsàn-án ti jókòó. Mo kó gbogbo wọn sínú fáìlì tí mo pè ní Ìdánwò Tẹ́ẹ̀mù Kejì, ibi tí kò sẹ́ni tó máa wá ohun rere lọ. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà túmọ̀ ìkíni náà sí èdè Rọ́ṣíà, mo fi í ránṣẹ́, mo padà sí Àgùdà kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sọ́ńdè, mo ṣí láptọ́ọ̀pù kí n tó bọ́ ojú. Ojúlé náà ti ṣófo. Obìnrin Tọ́kì ti lọ, bàbá Fíẹ́tínáàmù ti lọ, àǹtí mi náà ti lọ. Ìlà ọ̀rọ̀ kan péré ló kù fún wa. Mo ní kí kọ̀ǹpútà túmọ̀ rẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ méjì ni mo ní, mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ó yà mí lẹ́nu. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà túmọ̀ ìkíni wa padà láti èdè Rọ́ṣíà sí Yorùbá, kí n lè gbọ́ ọ bí ọkùnrin náà ṣe gbọ́ ọ. Ilé rẹ ńkọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́? A ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Mo wà pẹ̀lú àbúrò mi ọkùnrin. A ò ní gbàgbé rẹ. Ọlọ́run á san ohun tí o ṣe fún ọ. À ń padà bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Mo kà á tán, èmi fúnra mi dìde, mo lọ wò ó bóyá mo ti ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù dún. Àǹtí mi ni, wọ́n ń múra ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ṣé o ti lọ sọ fún un pé ẹ ṣeun àná?”

“Ó ti kó jáde, mà.”

“Láàárọ̀ kùtùkùtù?”

“Ẹ̀rù ló bà á. Ó rò pé a fẹ́ wá bá òun jà.”

“Nígbà tí a kí i?”

“Nígbà tí a kí i, mà.”

Mo gbọ́ tí ṣíbí tó ń ro tíì dúró. Àǹtí mi ò bèèrè ẹ̀kọ́ wọn lọ́tẹ̀ yìí.

“Ohùn wọn wá ńkọ́?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi, Àǹtí mi. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.”

Tíṣà inú wọn wá jí.

“Ìgbà wo lo kó o?”

“Nígbà tí ẹ ń kí i lọ́wọ́.”

“Ìyẹn ni pé bí mo ṣe ń kí onílé, ńṣe lò ń kó ẹrù jáde.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Olè ni ẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ṣíbí tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro tíì.

“O ṣeun ti àná,” wọ́n ní.

Wọ́n pàṣẹ pé kí n dà á kọ síbi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Alhaji tó mọ̀ nípa ẹrù jíjí. Wọ́n tún ní kí n fi ti ṣòkòtò sínú àkáǹtì tèmi ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ọmọ ìjọ lè rí i, torí wọn ò mọ ọ̀nà ìkànnì mìíì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsìn parí, wọ́n sì ti kéde mi níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tó kọ́ àǹtí mi, àwọn tí àǹtí mi kọ́, gbogbo wọn ya wọ abẹ́ fídíò náà: ẹ kú iṣẹ́ o, sà, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín. Ilé rere náà ni wọ́n ti tọ́ èmi. Mo wọ awò mi, mo jókòó, mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ ṣeun, mo dúpẹ́, Ọlọ́run á bù kún yín.

Aago méjìlá ọ̀sán ò tíì lù tí Amẹ́ríkà fi kọ̀wé. Ó ní òun ti ṣàkíyèsí ìwà tí kò bójú mu. Ó gbé fọ́tò mẹ́sàn-án kalẹ̀ pé bí mo bá jẹ́ èèyàn lóòótọ́, kí n tọ́ka sí gbogbo èyí tí iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì wà nínú rẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ tí èmi mọ̀, ọ̀pá lásán ni, kì í tàn, ẹyẹ á sì bà lé e lórí. Mo tọ́ka sí ọ̀pá mẹ́ta. Ó ní mo kùnà.

Mo pe Yaba.

“Àǹtí mi, wọ́n ní èmi náà kì í ṣe èèyàn.”

“Ìwọ ọmọ yìí,” wọ́n ní, “ṣé o kọ́kọ́ kí wọn?”